Àwọn Ọmọ Ogun Òjé

"Bàbá Wùnmí, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣí àpótí mi?"

Olújìmí kò gbójú kúrò lára ìwé ìròyìn. Láti ìgbà tó ti gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ fa àpótí náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti ń retí ìbéèrè yìí.

"Èmi ni," ó ní. "Mo kó wọn fún àwọn ọmọ ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì. Àkọ́bí wọn ló ṣọjọ́ìbí lánàá."

Péjú dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú àpótí òfìfo lọ́wọ́.

"Gbogbo wọn?"

"Ṣebí nǹkan ìṣeré ni. Tá a bá tún dé ìlú òyìnbó, màá ra òmíràn fún ẹ."

Nígbà tí àwọn méjèèjì ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, bàbá arúgbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn ló kọ́ Péjú bí wọ́n ṣe ń kun àwọn ohun tó wà nínú àpótí náà. Ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan wọn kò ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ọmọ ogun ilẹ̀ Jámánì àti Ítálì ayé àtijọ́ ni wọ́n, láyé ìgbà tí ìbọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ojú ogun, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń fi ọ̀kọ̀ gígùn jà. Aṣọ wọn ló kọ́kọ́ fa ojú rẹ̀ mọ́ra: ẹ̀wù alápá gbàgẹ̀rẹ̀, ṣòkòtò tí ẹsẹ̀ kan pupa tí èkejì sì dà bí àwọ̀ ìyeyè, fìlà tí wọ́n há ìyẹ́ ẹyẹ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta, bí Péjú bá ti iléèwé tó ti ń kọ́ni dé, yóò jókòó ti fèrèsé ní ilé wọn ní Adigbe, yóò sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun ojú, irùngbọ̀n àti bọ́tìnì wọn. Òun àti Àsíátù tí wọ́n jọ ń kọ́ni a máa tò wọ́n sórí tábìlì bí ogun méjì, wọ́n a sì ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ẹni tó ṣẹ́gun. Olújìmí kì í fẹ́ kí àlejò rí wọn. Ó ní eré ọmọdé kò yẹ abilékọ tó ti ka yunifásítì. Ìdí rèé tí àpótí náà fi ń gbé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Nǹkan ìṣeré," Péjú tún un sọ. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Olújìmí, o kó iṣẹ́ ọwọ́ mi fún ọmọ ẹlòmíì, o ò bi mí."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Wùnmí, Péjú kò pè é lórúkọ rí, kò sì fi "o" bá a sọ̀rọ̀ rí. Olújìmí ká ìwé ìròyìn náà.

"Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ìwọ ni. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò."

Ní ilé ọ̀gá náà ní Ìbarà, àwọn ọmọ ti da àwọn ọmọ ogun sínú iyanrìn níwájú ilé. Wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn kan. Ọ̀kọ̀ àwọn mìíràn ti kán. Péjú kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ibẹ̀ ni ìyàwó ọ̀gá, Ìyáàfin Lydia Adétáyọ̀, ti bá a.

"Ìyàwó Jìmí, káàbọ̀. Ọkọ ẹ mà mọṣẹ́ o. Gbogbo àlejò wa ló ń béèrè ẹni tó kùn wọ́n, ó ní òun fúnra òun ni. Ó ní bí iṣẹ́ ọ́fíìsì bá ti sú òun, òun a jókòó tì wọ́n. Dádì àwọn ọmọ ti ní kó wá ní Sátidé, kó wá kun ọ̀kan lójú wa."

Ìbínú tí Péjú gbé láti Adigbe wá kéré sí èyí tó dé bá a níbẹ̀. Ó lè sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wo ìyá náà tó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"A máa wá, mà. Àwa méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ tún ṣe, ọ̀kọ̀ wọn ti ń kán."

Nígbà tó délé, ó gbé àpótí náà kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n ń retí ẹ ní Sátidé. Wọ́n ní o máa kun ọ̀kan lójú àwọn."

Olújìmí fi ọwọ́ bo ojú. "Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ara mi ò yá."

"Kí ló dé tó o fi ní ìwọ ni?"

"Ọ̀gá ló bi mí. Mo rí i bó ṣe ń wò mí bí ẹni tó mọyì mi, ẹnu mi kàn sọ ọ́ ni. Kò sẹ́ni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí ní ọ́fíìsì yẹn."

"Kò sẹ́ni tó wo èmi náà bẹ́ẹ̀ rí nínú ilé yìí," Péjú wí.

"Kọ́ mi. Ẹyọ kan péré."

"Rárá."

Ní Sátidé, wọ́n to ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì ní pálọ̀ ọ̀gá. Àwọn ọmọ yí tábìlì ká. Olújìmí mú ọmọ ogun kan tí wọn kò tíì kùn, ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa. Ọ̀dà náà ṣàn láti orí fìlà bo gbogbo ojú.

"Kò lójú mọ́," ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wí.

Olújìmí wo ìyàwó rẹ̀. Péjú ká ọwọ́ lé itan. Nígbà tó yá, Olújìmí gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi ló kun gbogbo wọn. Mi ò tiẹ̀ tọrọ wọn lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó kó wọn wá."

Ọ̀gá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wo Olújìmí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa àga sún mọ́ tábìlì fún Péjú.

"Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rí i."

Péjú nu ojú tó bàjẹ́ náà mọ́. Ó kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó kun irùngbọ̀n, ó fi ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì ya ojú méjèèjì síbẹ̀. Ìyáàfin Lydia bẹ̀rẹ̀ títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti Péjú. Nígbà tí Péjú parí, ó gbé ọmọ ogun náà lé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tó ṣọjọ́ìbí.

"Èyí ni tìẹ. Èmi ni mo fún ẹ."

Níta, Olújìmí ṣí ilẹ̀kùn iwájú mọ́tò dè é. Péjú kọjá lára rẹ̀, ó ṣí tẹ̀yìn, ó sì jókòó síbẹ̀ bí èrò.

Wọ́n ti ń jáde ní Ìbarà kí Olújìmí tó sọ̀rọ̀. "Ṣé ìbínú ti tán nínú ẹ?"

"Kò tíì tán," Péjú wí. "Máa wa mọ́tò."