Ohùn Tó Wà Nínú Àwo Aaron

Ó di ọjọ́ kọkànlélógójì tí Ọmọ́jọlá ti ń ṣọ́ fóònù Ìyá Àgbà. Bí ìpè bá wọlé láti Ìbàdàn, òun ló máa kọ́kọ́ gbé e lọ sí kíṣìnnì, á bẹ ẹni tó pè pé kó má tíì sọ ọ́. Babáwálé, àkọ́bí Ìyá Àgbà, ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sétí ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra? Modúpẹ́, ìyá Ọmọ́jọlá, tó jẹ́ àbúrò olóògbé, ti kìlọ̀ fún un: "Jọlá, ìwọ lo máa ń wà nílé. Tí Mọ́mì bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, a ò ní í rí wọn mú." Ọmọ tí wọ́n kọ́ níwèé nílé láti kékeré, tí kò mọ̀ ju kó jókòó ti àgbà kó máa gbọ́ ìtàn lọ, iṣẹ́ náà bá a lára mu, ó sì tún ń pa á lára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n gbé páálí pẹlẹbẹ kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Forestville, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwo orin dúdú ńlá ló wà nínú rẹ̀. Aaron ló fi ránṣẹ́, bàbá onígìtá ará Georgia tó ń gbé ní Capitol Heights, tí Modúpẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ń tọ́jú lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún un. Òun àti ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àwo náà sílẹ̀ ní sítúdíò kan ní College Park, Modúpẹ́ ló sì ń fi ọkọ̀ gbé e lọ, gbé e bọ̀.

"Gbé e sórí ẹ̀rọ ká gbọ́," Ìyá Àgbà ní.

Gìtá méjì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ara wọn lóhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, orin kan náà ni. Ìyá Àgbà ń mi èjìká.

"Jọlá, ṣé kì í rẹ àwọn èèyàn yìí ni?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, mà. Ẹnì kan á máa wá ọ̀nà, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e."

"Bíi ti àwọn oníjùjú ìgbà èwe wa. Bàbá rẹ àgbà ì bá jó títí bàtà á fi já!"

Ọmọ́jọlá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí àyà rẹ̀ ti balẹ̀ tó báyìí gbẹ̀yìn.

Lójijì, gìtá rọlẹ̀. Ìlù dákẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, òun nìkan:

"Àkànní o, Babáwálé ọmọ ìyá mi, wọ́n bò ọ́ mọ́lẹ̀ tán, orí fóònù ni mo ti ń wò ó. Ta ni yóò sọ fún Mọ́mì?"

Ọmọ́jọlá fò dìde. Ohùn ìyá rẹ̀ ni! Kí ló gbé e dé àárín àwọn onígìtá? Kó tó rọ́wọ́ gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà kúrò lórí àwo, gbogbo rẹ̀ ti jáde tán.

Èjìká Ìyá Àgbà tó ń mì ti dúró gbagidi.

"Modúpẹ́ nìyẹn."

"Mà..."

"Mi ò bi ọ́. Mo ní ọmọ mi nìyẹn. Ta ni wọ́n bò mọ́lẹ̀?"

Ọmọ́jọlá kúnlẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Modúpẹ́ fi ti ibi iṣẹ́ wọlé. Ó rí páálí àwo nílẹ̀, ó rí ojú ìyá rẹ̀.

"Yéè! Ta ló gbé e sí i?" Ó wólẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sin bùrọ̀dá mi, kọ̀rọ̀ sítúdíò ni mo ti sunkún. Mi ò mọ̀ pé wọn ò tíì pa máíìkì. Aaron ní ohùn yẹn wọ òun lára, kí n jẹ́ kó wà nínú àwo, mo bá fọwọ́ sí i. Mo ní Yorùbá wo ló fẹ́ gbọ́ orin rọ́ọ̀kì? Mi ò mọ̀ pé ó máa fi ránṣẹ́ sílé."

"Ṣé o túmọ̀ rẹ̀ fún un?"

"Mo túmọ̀ ẹ̀, mà."

"Aaron mọ̀. Onílù rẹ̀ mọ̀. Ọmọdé yìí mọ̀." Ó wo Ọmọ́jọlá, ojú yẹn sì dun ọmọ náà ju ẹgba lọ. "Èmi tí mo bí i ni mò ń mi èjìká sí i."

Modúpẹ́ na ọwọ́ láti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń wò ó bóyá ọkàn ń lù dáadáa. Ìyá Àgbà fa ọwọ́ yọ.

"Fi mí sílẹ̀, mi ò tíì kú. Sọ bí ọmọ mi ṣe kú fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, má fo nǹkan kan."

Modúpẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀.