Ẹni Tí Wọ́n Kọ́kọ́ Pè

Ọjọ́ tí Oyèbísí kọ́kọ́ ka àròkọ rẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Yábàá, oorun gbé ẹni méjì lọ. Tíṣà ni òun fúnra rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣómólú, ó sì mọ ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ létí. Ohun tí ó kọ ni ìdí tí ìtọ́jú olówó àti ti tálákà kò fi dọ́gba ní ilé ìwòsàn. Ìwé tí ó kà kí ó tó kọ ọ́ kì í ṣe kékeré.

Ọ̀gbẹ́ni Àkànó tó ń kọ́ wọn rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí ó ń dá a padà fún un.

"Ìyáàfin, èdè yín dán. Àmọ́ ìwé ló ń sọ̀rọ̀ níbí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fojú rí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a délé. Ó rántí Beatrice, obìnrin Ìlàjẹ tó máa ń gbé ẹja yíyan wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Oyún Beatrice ti yọ dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wú. Bí Oyèbísí bá ti bi í bóyá ó ti lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rín ni yóò rín, yóò ní, "Màá lọ, Tíṣà." Ìdí nìyẹn tí Oyèbísí fi kọ ọ́ sínú àròkọ pé àwọn ará etí omi kò fẹ́ràn ilé ìwòsàn. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, kò bèèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Àròkọ kan ni mo ń kọ, mo fẹ́ fojú ara mi rí i. A ti gba ìsinmi níléèwé."

"Ẹ̀yin náà kẹ̀?" Beatrice sọ igbá ẹja kalẹ̀. "Ẹ mọ̀ pé odidi ọjọ́ kan nìyẹn ń gbà?"

Nígbà tí ó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Oyèbísí pọn Sùrájù ọmọ rẹ̀ tí ikọ́ ń yọ lẹ́nu, ó lọ pe Beatrice ní Ìlàjẹ, àdúgbò àwọn apẹja ní Bàrígà. Japhet, ọkọ Beatrice, ń tún àwọ̀n ṣe létí ọ̀sà.

"Ẹ bá mi mójú tó o o, Tíṣà. Ǹ bá fi ọkọ̀ gbé yín sọdá, atẹ́gùn òní ni kò dáa."

Wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Onípanu. Beatrice ń sinmi lọ́nà, ó ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, bí ẹni tó ń lọ síbi ìgbéyàwó. Bọ́ọ̀sì kún, òmíràn tún kún, kí wọ́n tó rí èyí tó gbà wọ́n.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n lọ ní Èkó, èrò ti jókòó kún bẹ́ńṣì, àwọn mìíràn wà nílẹ̀. Akọ̀wé tó wà nídìí tábìlì bi Beatrice níbi tó ń gbé.

"Ìlàjẹ, ní Bàrígà."

"Ìbàdàn ló ni yín, kì í ṣe Èkó. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn ná."

Òótọ́ ni. Wọ́n ti ya Èkó sọ́tọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, Bàrígà àti Ṣómólú sì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó.

"Ẹ gbọ́, Tíṣà," ni Beatrice wí. "Ṣé kí n wọ rélùwéè lọ bímọ n'Íbàdàn ni?" Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì kan gbọ́ ikọ́ Sùrájù. Ó bèèrè ọmọ ẹni tó jẹ́. Akọ̀wé ìjọba ni Wàhábì, ọkọ Oyèbísí, nítorí náà Oyèbísí mú káàdì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jáde gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

"Áà, ìyàwó òṣìṣẹ́ wa! Ẹ máa wọlé, mà."

Ó ti dìde, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, kí ó tó bojú wẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun sí i. Ó ti gbabẹ̀ wọlé láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò wo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rí.

"Nọ́ọ̀sì, àwọn wọ̀nyí ti dé ṣáájú mi."

"Ìyá, bí ẹ ò bá wọlé, ẹlòmíràn tó ní káàdì la ó pè."

Beatrice fa aṣọ rẹ̀. "Ẹ gbé ọmọ wọlé, Tíṣà. Ẹ kàn má gbàgbé láti kọ ọ́ ni."

Ó wọlé. Nígbà tí wọ́n ti fún Sùrájù ní oògùn, ó padà wá jókòó ti Beatrice. Wọ́n jọ jẹ búrẹ́dì àti àkàrà, wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ, wọ́n sọ̀rọ̀ ọkọ, títí oòrùn fi yí. Nígbà tí wọ́n pe Beatrice níkẹyìn, kò pẹ́ níbẹ̀. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi jáde: wọ́n ní kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó máa sinmi, pé ara ọmọ le.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Oyèbísí ya àròkọ àkọ́kọ́, ó kọ òmíràn. Orí bẹ́ńṣì yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ ara rẹ̀ mọ́ ọn, tòun ti káàdì. Wàhábì kà á tán.

"Ṣé o fẹ́ kí n dá káàdì padà ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ kí Beatrice náà ní tirẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó sùn ní kíláàsì lọ́tẹ̀ yìí. Kódà, Àyìnkẹ́, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́, bá a jiyàn pé kì í ṣe ìkà ni àwọn nọ́ọ̀sì, pé wọn kò pọ̀ tó ni. Oyèbísí gbà, ó sì fi ìyẹn kún un. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Àyìnkẹ́ dúró dè é.

"N kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Ṣé ẹ lè mú mi mọ Ìlàjẹ?"

Báyìí ni Àyìnkẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yẹ àwọn aboyún wò lábẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì létí ọ̀sà. Kì í ṣe gbogbo Sátidé ló ń ráyè, ìjọba kò sì yí nǹkan kan padà. Ṣùgbọ́n Beatrice bímọ láyọ̀, wọ́n sọ ọmọ náà ní Sabina. Nígbà tí Oyèbísí lọ kí i, ó gbé ọmọ náà lé itan, ọmọ ń sùn, ìyá ọkọ Beatrice ń yan ẹja nítòsí, inú Oyèbísí sì tutù pẹ̀sẹ̀. Ó rí ọmọdébìnrin kan tó ń bu omi mímu nínú kòtò kan lẹ́yìn ilé.

"Beatrice," ó ní, "níbo lẹ ti ń pọn omi mímu?"

Beatrice rẹ́rìn-ín. "Àròkọ mìíràn ti dé nìyẹn."