Iye Ẹsẹ̀ Ìbídùnní

"Èló lo lè máa san lọ́dọọdún, Ìyá Bilikis, kí jàǹbá mọ́tò má baà ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ní Kọ́nà Àpáta?"

Ẹ wo ìbéèrè! Bí wọ́n bá bi ẹ̀yin náà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ kò tíì ta ọjà kan ṣoṣo, kí lẹ máa ṣe? Ohun tí ẹ máa ṣe náà ni Salamot ẹlẹ́lùbọ́ ṣe. Ó sọ igbá ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ yí orí ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ta ìka dànù sójú títì.

"Ẹsẹ̀ ta ni? Ẹsẹ̀ tèmi? Kò ní í ṣẹ́ láéláé! Tíṣà, nítorí pé ẹ̀yin lẹ kọ́ Bilikis mi níwèé ni o. Ká ní ẹlòmíràn ló la ẹnu bẹ́ẹ̀ sí mi, ọmọ orógùn ni ǹ bá fi dá a lóhùn."

"Ìbéèrè lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ lọ bi ẹlòmíràn. Èmi ò san nǹkan kan, nítorí pé nǹkan kan ò ní í ṣe mí."

Tíṣà Lábọ̀dé mí kanlẹ̀, ó yọ bírò, ó kọ òfo sórí fọ́ọ̀mù. Òfo kẹtàdínlógún nìyẹn láti àná.

Ọdún 1978 ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní Òsí. Lábọ̀dé ti fẹ̀yìn tì nígbà náà lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ilé tí kò na ọmọ kan nínú rẹ̀ rí, yálà nítorí irọ́ pípa tàbí nítorí ìwé ẹlòmíràn tí ọmọ náà wò. Ìdí nìyẹn tí Abdulwahab fi wá a kàn. Ọ̀dọ́kùnrin láti Ìlọrin ni Abdulwahab, ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ló rán an níṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí àlejò bá gbé fọ́ọ̀mù wọ̀lú, àwọn èèyàn á ní owó orí ló wá kà, kálukú á sì gba oko lọ. Ẹni tí ìlú gbà gbọ́ ló ń wá.

Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ṣàlàyé fún Lábọ̀dé. Kọ́nà tó burú ní agbègbè náà tó márùn-ún, owó tó wà nílẹ̀ ò sì ju ti ẹyọ kan lọ. Kọ́nà tí wọ́n bá mú, wọ́n á fẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì ri irin mọ́lẹ̀ létí kòtò rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà já sínú ọ̀gbun. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mú un, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn ti ka ara wọn sí jù lọ, ìyẹn ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ owó tó pọ̀ jù.

"Bàbá, ìjọba ò mọ iye tí ẹsẹ̀ èèyàn jẹ́," ni Abdulwahab wí. "Àwọn tó ni ẹsẹ̀ la ní ká bi."

Lábọ̀dé ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ kó tó gbà. Ojú ọ̀nà Òsí sí Ìlọ́fà ni Kọ́nà Àpáta wà, àpáta lápá òsì, ọ̀gbun lápá ọ̀tún. Láti ọdún 1972 tí wọ́n ti ní kí gbogbo ọkọ̀ ilẹ̀ wa máa rin ọwọ́ ọ̀tún, etí ọ̀gbun gan-an ni ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlọ́fà ń gbà. Àràárọ̀, àfi ọjọ́ Ìsinmi, ni Ìbídùnní, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń wọ bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Ìyá ọmọ náà ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, bàbá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di irun fún un títí ó fi mọ̀ ọ́n dì fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, oúnjẹ kì í wọ ọ̀nà ọ̀fun Lábọ̀dé mọ́ àfi bó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lójúlé. Ohun tó ń fẹ́ láyé ò ju irin yẹn lọ: kí wọ́n ri í síbẹ̀, kí ọkàn òun balẹ̀.

Áà, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú! Hassan tó ń wa bọ́ọ̀sì náà ni Lábọ̀dé kọ́kọ́ bi. Ó fọwọ́ gbá irin ìdarí ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá dá owó àìsàn sọ́tọ̀, àìsàn á wá gba owó rẹ̀. Ẹ má bá mi dá a sọ́tọ̀ o." Wòlíì Elijah, tó ń darí ìjọ Aládùúrà ní ẹ̀yìn ọjà, ò tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n parí ìbéèrè. Agogo ló gbé lé Lábọ̀dé lórí, ó ń lù ú gán-an gán-an, ó ń lé ẹ̀mí jàǹbá jáde lára ọkùnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Adéjùmọ̀ àgbẹ̀ ní tirẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ayé ń gbọ́, Tíṣà. Bí mo bá dá iye lé e, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n á ti mú mi."

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, Lábọ̀dé kó àwọn fọ́ọ̀mù náà síwájú Abdulwahab. Inú ń bí i.

"Irọ́ ni òfo yìí ń pa. Ta ló sọ pé ẹsẹ̀ òun ò jámọ́ nǹkan kan? Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà ló ń bà wọ́n."

"Mo mọ̀, Bàbá. Bí mo bá bi ìyá tèmi náà bẹ́ẹ̀, á gbá mi létí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá mi ò ní í rí ojú Ìyá Bilikis. Iye tó wà nínú ìwé ni wọ́n máa rí."

Lábọ̀dé ò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò kan ti wọ inú rẹ̀. Ó rántí ìgbà tí Adéjùmọ̀ já bọ́ lórí ọ̀pẹ tí kò sì ṣèṣe. Odindi àgbò ló fà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn yìí kan náà, tí wọn ò lè la ẹnu dárúkọ owó kí aburú tó ṣẹlẹ̀, a máa ná gbogbo ohun tí wọ́n ní bí wọ́n bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún padà lọ láti ojúlé dé ojúlé, ìbéèrè mìíràn ló sì bi wọ́n: "Bí Ọlọ́run bá kó ọ yọ ní Kọ́nà Àpáta, kí lo máa fi dúpẹ́?"

Ó tán! Ẹnu là. Salamot ní òun á ṣe sàráà ogún náírà, àwọn àlùfáà á jẹ títí wọn ò ní í lè dìde. Hassan ní ọgbọ̀n. Wòlíì Elijah ní náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti páálí àbẹ́là kan. Adéjùmọ̀ ní òun á ta ewúrẹ́ òun. Lábọ̀dé ń kọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń yá, ó sì ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bó ṣe ń padà bọ̀ wálé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹ̀rín lójú ọkùnrin yẹn.

Abdulwahab rọra ka ìwé náà. Nígbà tó kà á tán, ó gbé e lé orúnkún.

"Bàbá, ẹ ti yí ìbéèrè padà."

"Mo yí i sí èyí tó yé wọn ni."

"Owó ẹni tó ti yọ nínú ewu nìyí. Owó kí ewu má ṣẹlẹ̀ la ní ká bèèrè. Bí mo bá gbé èyí lọ, wọ́n á ní mo jókòó sílé fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́." Ó mú bírò pupa, ó fa ìlà la ojú ìwé náà já. Ẹni tó ti fi ìlà pupa fagi lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ń wò ó, etí rẹ̀ ń gbóná, ojú sì ń tì í.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ilé kan ṣì kù, ilé yín. Ẹ̀yin mọ ohun tí ìbéèrè yìí wà fún. Bí ẹnì kan péré ní Òsí bá dáhùn rẹ̀ bó ṣe wà, màá rí nǹkan fi jà fún kọ́nà yín. Màá sọ pé ìbéèrè náà ni ò yé àwọn yòókù. Láìsí ìyẹn, n kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún."

Ara Lábọ̀dé tún yá gágá. Ó ti ro tirẹ̀ tipẹ́. Ogójì náírà ni, nínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bó bá gba pé kí òun má jẹ ẹran mọ́ títí ọdún á fi yípo, ẹran kì í ṣe ọmọ. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó ní kí ó bi òun.

Bí Ìbídùnní ṣe wọlé dé láti Ìlọ́fà nìyẹn, tépù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, òwú lẹ̀ mọ́ ọn láṣọ. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó kí àlejò, ó sì fara ti férémù ilẹ̀kùn láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún họ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ òsì, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré.

"Bàbá," ni Abdulwahab wí, "kí jàǹbá ọkọ̀ má baà ṣẹ́ Ìbídùnní lẹ́sẹ̀, èló lẹ lè máa san lọ́dọọdún?"

Lábọ̀dé la ẹnu. Ogójì wà lórí ahọ́n rẹ̀, ẹ̀mí kan péré ló kù kó jáde. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọmọ náà tó ń họ ara. Bí òun bá dá owó lé ẹsẹ̀ yìí ńkọ́, tí ohun tó ń gbọ́ bá gbọ́? Ọ̀rọ̀ Hassan dún létí rẹ̀: àìsàn á wá gba owó rẹ̀. Gbogbo ìwé tó kà, gbogbo èyí tó fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, fò lọ lójú ẹsẹ̀.

"Kò ní í ṣẹ́," ló wí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ dárúkọ iye kan."

"Mo ní kò ní í ṣẹ́! Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní! Ṣé ẹnu tèmi ni màá fi pe aburú lé e lórí?"

Abdulwahab tún na fọ́ọ̀mù sí i. Ìbídùnní ò họ ẹsẹ̀ mọ́, ó ń wo bàbá rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọmọ Ìlọrin náà tẹ orí ba, ó kọ òfo, ó kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì, ó kí wọn pé ó dàárọ̀. Lábọ̀dé gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ títí tó fi wọ ìgbẹ́.

Nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó irin gba àárín ìlú kọjá. Lábọ̀dé sáré jáde pẹ̀lú àwọn tó kù. Ọkọ̀ náà ò dúró, ọ̀nà Òbó Ayégúnlẹ̀ ló yà sí. Wọ́n ní àwọn ará ibì kan lápá ibẹ̀ ti dárúkọ iye tiwọn. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ló mú kí ọ̀nà máa yọ̀. Bọ́ọ̀sì Hassan dé Kọ́nà Àpáta, kò rí nǹkan kan tó dá a dúró, ó já sínú ọ̀gbun. Hassan ò jáde láàyè, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó rí Ìbídùnní fà yọ lábẹ́ irin ọkọ̀ náà. Ní Ìlọrin, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Lábọ̀dé ta ilẹ̀ oko tó jogún, ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti rédíò, ó fi tọ́jú ọmọ. Kò sí ẹni tó bi í pé èló, òun náà ò sì kà á.

Nígbà tí wọ́n padà sí Òsí, ìlú rọ́ wá kí wọn. Salamot tú ìdí gèlè rẹ̀, ó kó ogún náírà sílẹ̀ lórí tábìlì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ṣọpẹ́, Tíṣà. Ẹ̀mí ò bọ́. Ẹ̀mí ló jù." Wòlíì Elijah kó náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti páálí àbẹ́là wá. Adéjùmọ̀ gbé owó ewúrẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìyàwó Hassan gan-an, tó ṣì wà nínú aṣọ opó, rán ọgbọ̀n náírà ọkọ rẹ̀ wá, ó ní ọkọ òun ti fi ọ̀rọ̀ náà lé òun lọ́wọ́ nígbà ayé rẹ̀. Iye tí kálukú sọ lọ́jọ́ ìlà pupa ló mú wá. Lábọ̀dé ń gbà á, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó tó ọmọ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì ń jó o bí ẹni gbé ata mì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Àlàbá káfíńtà wá yọ máṣíìnì ìránṣọ Ìbídùnní kúrò lórí ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń tẹ̀, ó bá a fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i sí i. Igi tí ọmọ náà ń kì bọ abẹ́ abíyá wà lára ògiri. Ó ń rán aṣọ ilé ìwé ọmọ ẹnì kan, owó àwọn ará ìlú sì wà lórí tábìlì, bàbá rẹ̀ ò tíì fọwọ́ kàn án.

"Bàbá."

"Mo ń gbọ́."

"Lọ́jọ́ tí ọ̀gá Ìlọrin yẹn bi yín. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ẹnu yín. Ẹ fẹ́ dárúkọ iye kan. Èló ni?"

Lábọ̀dé lè purọ́. Ó rò ó wò pàápàá, òun tó na gbogbo ìlú nítorí irọ́.

"Ogójì náírà."

Ọwọ́ Ìbídùnní dúró lórí máṣíìnì. Ó wo owó orí tábìlì, ó tún wo ojú bàbá rẹ̀.

"Ẹ̀ bá ti sọ ọ́, Bàbá."

Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó na aṣọ náà kó gún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí máṣíìnì.