Fọ́tò Mi Níwájú Ìwé Ìròyìn

Làmídì ọ̀rẹ́ mi, jókòó kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ. Mo di akẹ́kọ̀ọ́! Èmi bíríkìlà tó kọ́ ìdajì ilé àdúgbò yìí, tí n kò kọjá píráímárì mẹ́ta. Má rẹ́rìn-ín o. Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ni olùkọ́. Ó ní kí kálukú ṣe iwájú ìwé ìròyìn kan, ẹni tí tirẹ̀ kò bá dára yóò padà sí kíláàsì kìn-ín-ní.

Ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Mo po sìmẹ́ǹtì, mo fi rẹ́ ìwé náà, mo ta okùn sí i, ó gún régé. Mo wá lẹ fọ́tò ara mi mọ́ ọn.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àkọlé rẹ̀ dà?"

Òógùn bò mí. Àfi bí fọ́tò náà ṣe na ọwọ́ jáde, ó mú ìṣó, ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn sára sìmẹ́ǹtì tútù. Gbogbo kíláàsì kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀ pàápàá ń nu omi ojú. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù, kí wọ́n má baà mọ̀ pé n kò lè kà á.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Làmídì, ìwọ tó kàwé, kí lo rò pé ó kọ nípa mi?