Òkúta Tí Kò Kánjú

Ní ọjọ́bọ̀ kan, ní agogo méje ààbọ̀ òwúrọ̀, obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ wíwọn ìmọ́lẹ̀ àwọn òkúta ojú ọ̀run jókòó sídìí tábìlì nínú ilé ìyá rẹ̀. Ó ń mu tíì tí ó ti tutù, ó sì ń bínú sí òkúta kan.

Òkúta náà kò mọ̀. Ó wà ní àárín ọ̀nà Máàsì àti ọ̀nà Júpítà, níbi tí àìmọye irú rẹ̀ ti ń yí oòrùn ká. Òkúta gidi ni, kì í ṣe irin, kì í sì í ṣe yìnyín. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pòòyì ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Èyí kò kánjú rárá. Bí Olùwọ̀n, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pe obìnrin náà, kò bá ṣìṣe, ọjọ́ mẹ́rìnlá gbáko ni òkúta yìí fi ń yí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gùn gbọọrọ. Bí ó bá kọ ìhà sí wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á pọ̀, bí ó bá sì kọ ṣóńṣó orí sí wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á dín kù. Ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀ ni ó fi ń gòkè, ọjọ́ mẹ́ta ààbọ̀ ni ó sì fi ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá wò ó ní òru kan péré yóò búra pé kò mira.

"Òkúta yín ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ béèrè. "Ṣé ó ti jí?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo kàn ń béèrè ni. Oṣù mélòó lẹ ti fi tẹjú mọ́ ọn? Bó bá jẹ́ èmi lẹ ń wò báyẹn, èmi náà ò ní yí."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá náà ní oṣù tí ó kọjá, kò sí eruku tí ó lè sá pamọ́ fún un mọ́, kò sì sí ìbànújẹ́ tí ó lè sá pamọ́ pẹ̀lú. Ó na ọwọ́, ó tún ọrùn aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe. "Òní ni ìpàdé yẹn, àbí?"

Òní ni. Ní agogo méjì ọ̀sán, ìgbìmọ̀ tí ń pín òru lílo awò ńlá, èyí tí a fi ń wo ojú ọ̀run, fún àwọn olùwádìí yóò jókòó. Òru mẹ́rìnlá ni ó kù fún Olùwọ̀n. Bí kò bá lè fi hàn pé òkúta rẹ̀ ń yí, wọn yóò gba òru mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, wọn yóò fi fún ẹlòmíràn, wọn yóò sì yọ òkúta náà kúrò nínú ìwé. Kò tún ní sí ní ibi tí a ti lè wò ó dáadáa títí ọdún kan àti oṣù mélòó kan yóò fi kọjá.

Nígbà tí ó dé ọ́fíìsì, àwòrán tí wọn yóò gbé síwájú ìgbìmọ̀ ti wà lórí tábìlì. Ó gbé e, ó wò ó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Òru mẹ́tàdínlógún ni ó ti fi wọn òkúta náà. Nínú ìwé àjákọ rẹ̀, èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àmì òru wọ̀nyí gòkè, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì tún gòkè. Nínú àwòrán yìí, gbogbo wọn tẹ́ pẹrẹsẹ bí orí tábìlì tí ó gbé wọn.

Ó ṣí àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fa òru kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sísàlẹ̀ títí gbogbo wọn fi dọ́gba. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, níbi tí a ń kọ àlàyé sí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó wà: "A ti tún un ṣe." Kò sí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Ọjọ́ tí ó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ tí ó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Yàrá ẹni tí ń tọ́jú awò ńlá ni ó kọ́kọ́ yà sí. Kùrukùru ni orúkọ ìnagijẹ ọkùnrin yìí, nítorí pé kò sí ohun tí ó bàjẹ́ rí tí kò di ẹ̀bi rẹ̀ ru kùrukùru ojú sánmà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kan òru mi?"

"Èmi? Èmi tí mi ò lè tún bọ́tìnì ara mi ṣe?" Ó fi àyà ẹ̀wù rẹ̀ hàn án; bọ́tìnì méjì ti já níbẹ̀ lóòótọ́. "Àbúrò, kùrukùru ni."

"Kùrukùru kì í tẹ kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n."

Ó lọ bá Olùṣírò, ìyá àgbàlagbà tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Ìyá náà bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Ohun tí wọ́n bá gbé fún mi ni mò ń ṣírò. Bí wọ́n bá gbé òdo wá, òdo ni n ó dá padà. Ṣùgbọ́n má bínú púpọ̀ sí ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ gbogbo wa: òru kan ò gbọdọ̀ ga ju èkejì lọ. Bí ó bá ga, a jẹ́ pé sánmà ló dọ̀tí."

"Fún òkúta tó ń sáré ni, mà! Èyí tó ń yí ká kí ilẹ̀ tó mọ́. Tèmi, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti òru dé òru, òun gan-an ni yíyí rẹ̀. Ẹni tó bá mú wọn dọ́gba ti pa á. Àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò sì yí padà. Ṣé sánmà á dọ̀tí sí òkúta nìkan ni?"

"Èmi kọ́ lo máa sọ fún," ni Olùṣírò wí.

Ẹni tí ó yẹ kí ó sọ fún ni Ọ̀gá. Bí Ọ̀gá kò bá sí nítòsí, Baba Àmì-Ohùn ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kò sí lẹ́tà tí ó kọjá lórí tábìlì rẹ̀ tí kò fi bírò pupa tọ́. Ní ọdún tí Olùwọ̀n dé, ó kọ ìròyìn kan pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́, "a ti tún ṣe é." Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. "Ṣé ẹ̀rọ mìíràn ni ẹ ṣe ni? 'Tún ṣe é' ni kí o ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kejì. 'Tún un ṣe' ni kí o mú ohun tó bàjẹ́ bọ̀ sípò. Arọ́pò-orúkọ ní ipò tirẹ̀, àbúrò. Àárín ni ó ń gbé." Òótọ́ ni ó sọ, èyí sì ni ó dun Olùwọ̀n jù.

Lónìí, Ọ̀gá kò gbé ojú sókè. "Ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ ni àkọsílẹ̀. Ìwé àjákọ rẹ kì í ṣe ẹ̀rí."

"Ta ló yí i padà, sà?"

"Ẹni tó ṣe é ti ṣe é. Ìwọ̀n rẹ ló ń fò sókè sódò bí ọmọ ewúrẹ́. Ọpẹ́ ló yẹ kí o máa dá."

Olùwọ̀n padà sí tábìlì rẹ̀. Bí ó bá ti ń ṣílẹ̀kùn kan ni àwíjàre ń pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó, ó tún gbólóhùn náà kà: àmì ohùn pé, àmì abẹ́ lẹ́tà pé, àmì ìdánudúró pé. Ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni ó fa àpótí tábìlì rẹ̀ yọ, tí ó mú ìwé kan jáde, tí ó sì tẹ gbólóhùn náà jáde pẹ̀lú.

Ní agogo méjì, gbogbo wọn pé sí yàrá ìpàdé. Alága ìgbìmọ̀, ìyá kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, jókòó sí ìkángun tábìlì. Ọ̀gá ṣàlàyé pé òkúta náà kò yí, àti pé ìwọ̀n rí gbágungbàgun títí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ fi bá wọn mú un dọ́gba.

"Èwo nínú wọn?" ni Alága béèrè. "Ẹni tó bá yí àkọsílẹ̀ padà láìkọ orúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

"N ò lè sọ, mà," ni Ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yà sọ́dọ̀ Olùṣírò, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà náà di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú.

Olùwọ̀n dìde. "Mà, ẹ gbà mí láyè. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: pé nǹkan bàjẹ́, a sì ti mú un bọ̀ sípò."

"Ṣé ilé ìwé la wà ni?" ni Kùrukùru wí, ṣùgbọ́n ó dìde, ó sì kọ ọ́: *A ti tunse*. Olùṣírò tẹ̀lé e, ó kọ: *A ti tun se e*.

Ọ̀gá ń mí sókè. Ó wo pátákó, ó wo àjà, ó tún wo pátákó. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó dìde, ó gba máàkà lọ́wọ́ Olùṣírò, ó fa ìlà la gbólóhùn méjèèjì kọjá. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì yìí? Àárín ni ó ń gbé! Àárín!" Ó sì kọ ọ́ gàdàgbà, ó fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, ó sì gún àmì ìdánudúró mọ́ ọn lẹ́yìn:

*A ti tún un ṣe.*

Olùwọ̀n lẹ ìwé tí ó tẹ̀ jáde mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Alága wo èkíní, ó wo èkejì.

"Ṣùgbọ́n ìwọ tí o dá ìdánwò yìí sílẹ̀ náà mọ̀ ọ́n kọ, àbúrò. Ó hàn pé òun ló kọ́ ọ."

"Òun ló kọ́ mi, mà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kọ èyí, ilé ìwòsàn ni mo wà pẹ̀lú ìyá mi. Ìwé tí mo fi gba àyè fún ọjọ́ náà nìyí. Ọ̀gá ló buwọ́ lù ú." Ó gbé e kalẹ̀, bírò pupa ti tọ́ àmì mẹ́rin nínú rẹ̀.

Máàkà ṣì wà lọ́wọ́ Ọ̀gá, kò tíì dé e lórí.

"Sọ ọ́ síta," ni Alága wí, "kí gbogbo wa gbọ́. Ta ni?"

Olùwọ̀n yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe."