Ẹsẹ̀ Tó Wọlé ní Àpòmù

Èmi Morónfólú, ojú ara mi ni mo fi rí ara mi níbi tí n kò dé rí. Bí ẹlòmíràn bá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, màá ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ará Ìkirè ló jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, wọ́n sì rí i bí mo ṣe rí i.

Òmìnira kò tíì dé nígbà náà. Ẹ̀bá títì, níbi tí mọ́tò tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ti máa ń dúró, ni mo ti ń ta dòdò. Ibẹ̀ ni Obadiah ti bá mi. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ará Abẹ́òkúta, ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ sinimá. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìtàn obìnrin kan tó gbọ́ pé ara ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò yá, tó sì gbé oúnjẹ lọ fún un. Ó ní ẹ̀rọ òun kò lè gba ohùn, pé bí wọ́n ti ń ṣe sinimá láyé àtijọ́ nìyẹn, ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ìtàn.

“Kí ni màá wá sọ?” ni mo bi í.

“Ẹ má sọ nǹkan kan, Ìyá Jọkẹ́. Ẹ kàn gbé abọ́ dání, ẹ jáde nílé yín, ẹ wo ọ̀kánkán, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tán.”

Mo sọ fún Igbẹ́kọ̀yí ọkọ mi, ó ní kò burú. Mo ró àdìrẹ mi, mo gbé abọ́ dòdò dání, mo jáde. Ewúrẹ́ kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tó ń jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, òun gan-an ni mo rẹ́rìn-ín sí. Obadiah dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ, mo sì gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rùn mú, mọ́tò sinimá dé pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ta aṣọ funfun sáàárín òpó méjì, jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Obadiah dúró tì í, ó ń fi gbohùngbohùn sọ ìtàn náà fún wa bó ti ń lọ. Ọkọ mi jókòó láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ti ń pariwo pé ìyàwó òun máa tó jáde.

Mo jáde lóòótọ́. Ilé wa nìyẹn, abọ́ mi nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Lójijì, ẹsẹ̀ obìnrin kan gba gbogbo aṣọ funfun náà kan. Ó ń gun àtẹ̀gùn ilé kan, ìṣẹ́tí àdìrẹ ń mì lórí rẹ̀. Ẹnìkan ké pé wọ́n ti gé obìnrin náà lẹ́sẹ̀ o! Ẹsẹ̀ náà wọlé. Ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ojú tèmi náà tún dé, èmi náà rẹ́rìn-ín sí i.

Fákọ̀yà ni ọkùnrin náà, Fákọ̀yà ará Àpòmù.

Kí n tó fẹ́ Igbẹ́kọ̀yí, Fákọ̀yà ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí fún. Wọ́n ti ṣe ìdána kí n tó ní n kò fẹ́, tí àwọn ara ilé mi sì kó ohun ìdána padà. Nílé tiwa, obìnrin tí wọ́n bá dá ìdána rẹ̀ padà kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà mọ́ láéláé. Bó bá tẹ̀ ẹ́, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọ ọkọ tó ń fẹ́ nìyẹn. Wọn kì í tún rò ó lẹ́jọ́, ẹrù rẹ̀ ni wọn yóò kó síta. Obadiah kò mọ èyí. Àtẹ̀gùn ilé Fákọ̀yà ló wù ú.

Gbogbo pápá yíjú sí ọkọ mi. Obadiah ń bá tirẹ̀ lọ: “Ọ̀rẹ́ rere nìyí o! Ẹ wo bó ṣe gbé oúnjẹ wá!” Ó wù mí kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi kò jókòó.

“Ta ló jáde nínú ilé yìí?”

“Èmi ni.”

“Ta lo rẹ́rìn-ín sí?”

“Ewúrẹ́ ni, Bàbá Jọkẹ́.”

“Ewúrẹ́ dà? Gbogbo ìlú ló wò ó, ta ló rí ewúrẹ́?”

Èmi náà kò rí ewúrẹ́. Mo mọ̀ pé n kò lọ sí Àpòmù, ojú mi sì rí i pé mo lọ. Èwo ni kí n gbàgbọ́? Àbí mo lọ tí n kò mọ̀ ni? Àbí ojú oorun ni mo rìn dé ibẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà lọ́ mọ́ mi lórí bí òwú tí adìyẹ tú.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá ọkọ mi kó aṣọ mi síta. Mo na ọwọ́ sí Jọkẹ́, ọmọ mi. Ìyá náà fà á sẹ́yìn. “Ẹrù rẹ nìkan ni tìrẹ,” ni wọ́n wí. Mo sunkún dé ilé bàbá mi.

Bàbá mi ránṣẹ́ pe Obadiah. Ó sáré wá nígbà tó gbọ́.

“Bàbá, mo gé fíìmù náà, mo sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni. Ìyá Jọkẹ́ jáde ní Ìkirè. Ìyàwó Fákọ̀yà ló wọlé ní Àpòmù. Ojú àwọn tó ń wò ó ló so ó pọ̀.”

“Ta ló ní kí o lẹ ọmọ mi mọ́ ilé onílé?” ni bàbá mi bi í.

Igbẹ́kọ̀yí kò gbà. Ó ní ẹnu lè purọ́ ṣùgbọ́n ojú òun kì í ṣe òpùrọ́. Ó ní kí wọ́n tún fi sinimá náà hàn níṣojú gbogbo wa. Bẹ́ẹ̀ ni Obadiah ṣe gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá sí àgbàlá bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́, tó darí iná rẹ̀ sára ògiri funfun. Fákọ̀yà àti Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀ wá láti Àpòmù.

Bí ẹsẹ̀ náà ti yọ, ọkọ mi dìde. “Dá a dúró!”

“Bó bá dúró, iná á jó fíìmù náà o.”

“Kó jó!”

Obadiah dá a dúró. Ẹsẹ̀ náà ga lára ògiri. Igbẹ́kọ̀yí sún mọ́ ọn, ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

“Ẹsẹ̀ Morónfólú nìyí,” ló wí. “Mo mọ̀ ọ́n.”

Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo ògiri. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò lè sọ fún ara mi pé tèmi kọ́.

Fákọ̀yà kò tilẹ̀ dìde níbi tó jókòó sí. “Ẹsẹ̀ Sàlámọ̀tù ni,” ló wí. “Ọmọ ìka tó kéré jù yẹn gun èkejì rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ ọlọ ti já lù ú ló ti rí bẹ́ẹ̀.”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ihò dúdú fi là láàárín ẹsẹ̀ náà, tó ràn, tí ògiri sì funfun. Sàlámọ̀tù bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ sí iwájú àtùpà. Ìka rẹ̀ gun èkejì bí ọkọ rẹ̀ ti wí. Igbẹ́kọ̀yí wá gbé àtùpà sún mọ́ èmi náà, ó tẹ̀ ba, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. Ó pẹ́ níbẹ̀.

“Kò jọra,” ló wí níkẹyìn.

Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Àwọn ará ilé mi ń yọ̀. Mo ti rí ilé mi gbà, mo ti rí Jọkẹ́ gbà, ó yẹ kí inú mi dùn. Ṣùgbọ́n Fákọ̀yà ni mo ń wò, tó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kó tó wọ bàtà fún un. Ẹsẹ̀ mi yìí ni mo fi ń gbé omi ìwẹ̀ lọ fún Igbẹ́kọ̀yí láràárọ̀, láti ìgbà tí mo ti wọ ilé rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé ọkọ mi. Ọmọ mi wà lọ́hùn-ún.

“Ìyá Jọkẹ́,” ló wí lójú ọ̀nà, “kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?”

“Ẹ wo ojú mi, Bàbá Jọkẹ́. Ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ.”

Ó gbé àtùpà sókè, ó wo ojú mi títí a fi délé. Kò rí nǹkan kan.