Dókítà Ilé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, olùkọ́ Báyọ́lọ́jì wa, ní kí n dìde níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sí kíláàsì àkànṣe, kí n sọ ohun tí wọ́n máa bá pàdé níbẹ̀ fún wọn. Mo dìde. Mo ní kí wọ́n ra pẹ́ńsù HB, kí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n má sì kun inú àwòrán ní dúdú. Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀pọ̀lọ́, kí wọ́n má jẹun yó wá sílé-ìwé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn náà pàtẹ́wọ́, ó ní mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún èmi Bilqis lọ́dún tó kọjá kò ṣe é sọ níwájú olùkọ́. Ó ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí pé kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.

Ilé-ìwé wa wà ní Òmù-Àrán. Ẹ̀sìẹ́ ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀, torí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mò ń gbé. Àwọn tó bá gba máàkì tó ga jù nínú Báyọ́lọ́jì ni wọ́n ń kó sí kíláàsì àkànṣe. Tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé, àwa a jókòó, a ó tún kọ́ ohun tí wọ́n ti kọ́ wa láàárọ̀, àmọ́ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Wọ́n ṣèlérí maikirosikóòpù fún wa, ó sì wà lóòótọ́. Ẹyọ kan ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ló ń gbé, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn máa ń nù ún lójoojúmọ́, àwa a sì máa wò ó láti òkèèrè.

Ohun tí a kọ́ ní táàmù àkọ́kọ́ ni bí a ṣe lè dá ohun abẹ̀mí mọ̀. Ó ń mí, ó ń jẹun, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, ó sì ń kú. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Lẹ́yìn ìyẹn la wá bẹ̀rẹ̀ àmíbà, nǹkan kékeré kan báyìí tí kò lórí tí kò nírù, a sì yà á títí ó fi ń wá bá mi lójú oorun.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi kí n tó ya àmíbà kan. Bàbá mi, Abdulrasaq, tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Ganmo, ti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní wọ́n ti mú mi sí kíláàsì àwọn tó lè di dókítà lọ́jọ́ iwájú. Ìyá àgbà ò rí ti ọjọ́ iwájú rò. Arúgbó ni. Ó fo ìyẹn, ó jáde síta, ó sì kéde fún àdúgbò pé Alihamdulilahi, dókítà ti wà nílé òun.

Bàbá Muaz ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀kadà ló ń tún ṣe ní ọ̀ọ́kán ilé wa. Ọkùnrin yìí ti fi bẹ́líìtì lé mi yípo àdúgbò rí nítorí máńgòrò rẹ̀ tí mo ká. Lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀yìn yìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, àtinàró di ogun."

"Bàbá, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀yìn. Àmíbà la ṣì ń kọ́."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Nǹkan kékeré kan ni, ojú lásán ò lè rí i."

Ó mi orí. Ó wá kígbe pe ìyàwó rẹ̀ lódìkejì ọ̀nà pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan kan wà lẹ́yìn òun tí ojú ò rí, dókítà sì ti mọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ó ń rìn gánrangánran bí ọ̀dọ́kùnrin. Ó ní mímọ̀ tí òun mọ orúkọ rẹ̀ ti tó.

Ẹ wò ó, láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà ti dé. Ìyá Jannat, aládùúgbò wa, gbé ojú tó ń pọ́n wá. Ìmáàmù kékeré wá bi mí bóyá kí òun máa jẹ iyán lálẹ́. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo wọn: mi ò mọ̀. Kàkà kí wọ́n padà lọ, ńṣe ni wọ́n ń wo ara wọn, wọ́n á ní ẹ wo bó ṣe ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó mọ nǹkan gan-an kì í fọ́nnu. Bí mo ṣe ń sẹ́ tó ni okùn dókítà ń fún mọ́ mi lọ́rùn tó.

Bẹ́ẹ̀, mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn Báyọ́lọ́jì. Orí mi kàn máa ń tètè gbé ohun tí mo bá kà ni. Lọ́jọ́ tí a la ọ̀pọ̀lọ́, èmi tí wọ́n ń pè ní dókítà ni mo kọ́kọ́ sáré jáde lọ bì lẹ́yìn láàbù. Ìtàn ni mo fẹ́. Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ni mí, àárín àwọn ère òkúta tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbẹ́ wọn ni mo dàgbà sí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Mo ti bá Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn sọ ọ́ pé mo fẹ́ kọjá sí kíláàsì Áàtì. Ó wò mí bí ẹni tó rí ọmọ tó ń da ọbẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún àwọn ará ilé mi ná.

Ìgbà tí mò ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà sọ ọ́ ni kùkùté gún ìyá àgbà lẹ́sẹ̀ lóko kájú rẹ̀.

Ìyá àgbà ní ìtọ̀ ṣúgà. Tẹ́lẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, a máa ń wọ mọ́tò lọ sí ọsibítù ní Òmù-Àrán láti gba oògùn. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti wọ kíláàsì àkànṣe, ó ti pa ibẹ̀ tì. Ó ní kí lòún tún ń wá kiri, nígbà tí dókítà ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ egbò náà, ó fi àkísà wé e. Àràárọ̀, kí n tó wọ aṣọ ilé-ìwé, á tú àkísà, á na ẹsẹ̀ sí mi.

"Dókítà, wo ẹsẹ̀ yìí."

Èmi á kúnlẹ̀. "Ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín, èmi kì í ṣe dókítà. Mi ò mọ ẹsẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. "Ó dáa, ọmọ mi. A ó lọ." Kò ní lọ.

Mo pe bàbá mi. Mo ní egbò ẹsẹ̀ ìyá yín ò jiná o, ó ti ń rùn. Bàbá mi tún bi mí pé, "Ìwọ tí o wà níbẹ̀, kí lo rí sí i?" Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá rántí. Mo ní mi ò rí nǹkan kan sí i, ọmọ ilé-ìwé ni mí. Ó ní kí n má bẹ̀rù, kí n máa ṣe ohun tí mo bá rò pé ó dáa, òun gbẹ́kẹ̀ lé mi.

Nígbà tó yá, mo pinnu láti fòpin sí irọ́ náà láìkù síbì kan. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo ní kí ìyá àgbà bá mi pe Bàbá Muaz àti Ìyá Jannat. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi níwájú ilé. Mo dúró níwájú wọn. Mo ní èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì ní di dókítà. Mo ní mo fẹ́ lọ kọ́ ìtàn. Kí wọ́n lè gbà mí gbọ́, mo mú ìwé Báyọ́lọ́jì mi jáde, mo ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nìyí, àwòrán lásán.

Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Ìyá Jannat ní súbúhánà, ọwọ́ yìí mà dára o. Bàbá Muaz gbé ojú ewé àmíbà sún mọ́ ojú, ó fà sẹ́yìn, ó tún sún mọ́ ọn.

"Ẹ wò ó! Òun ló wà lẹ́yìn mi nígbà náà lọ́hùn-ún!"

Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní iṣẹ́ ló ti pọ̀ jù fún mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi. Ìyá àgbà dìde láti wá rẹ̀ mí lẹ́kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà á, ó sì ṣubú lé mi láyà. Àkísà tú. Òórùn tó jáde síta, mi ò ní ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ti dúdú, èyí tó tẹ̀ lé e náà ti ń dúdú bọ̀. Ẹ̀rù bà mí dé inú eegun. Mo rí i kedere pé ìyá àgbà máa kú mọ́ mi lọ́wọ́, àwọn èèyàn yìí á sì tún ní mo gbìyànjú.

Mo wọlé, mo mú aṣọ funfun tí mo fi ń lọ sí láàbù, mo wọ̀ ọ́. Àbàwọ́n ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà níwájú rẹ̀. Mo jáde. Mi ò kúnlẹ̀. Mo jókòó ti ìyá àgbà, mo gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún mi, mo wò ó bí Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn ṣe ń wo ìwé ẹni tó gba òdo, ohùn rẹ̀ gan-an ni mo sì fi sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ sun ilé lálẹ́ òní. Ọsibítù ló ń lọ. Bàbá Muaz, ẹ gbé ọ̀kadà jáde. Ìyá Jannat, ẹ bá mi mú ìbòrí wọn àti káàdì tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀rù ohùn ara mi bà mí. Bàbá Muaz ti ń sáré. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé Ìyá Jannat léjìká, ó dìde fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ìyàwó tuntun, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí dókítà wí."

Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ebenezer, ní Ọlọ́run ló kó ẹsẹ̀ yòókù yọ. Lọ́jọ́ kẹta tí ojú ìyá àgbà wálẹ̀ díẹ̀, dókítà náà jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń bó ọsàn.

"Mọ́mì, kí lẹ dúró dè tó báyìí? Ká ní ẹ ti wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, oògùn nìkan ì bá ti tó. A ò ní gé nǹkan kan."

"Dókítà mi ò tíì pàṣẹ ni," ni ìyá àgbà dáhùn.

"Dókítà wo?"

Ó nawọ́ sí mi. Mo fẹ́ wọlẹ̀.

"Àràárọ̀ ni mo ń na ẹsẹ̀ sí dókítà," ni ìyá àgbà wí, kò sì sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ọmọ-ọmọ mi ló máa ń kúnlẹ̀ dá mi lóhùn. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ ṣé ọmọdé ló máa pàṣẹ fún mi ni? Mo ní kí n ní sùúrù. Ìjẹta ni dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, mo sì dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀."

Dókítà Ebenezer wò mí, ó wo yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn mi. Mo bó ọsàn náà tán, mo gbé e fún ìyá àgbà, mo lọ sẹ́yìn ilé ọsibítù, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìka méjì yẹn, òótọ́ tí mò ń sọ láràárọ̀ ló jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn bi mí bóyá àwọn ará ilé mi ti gbà kí n kọjá sí kíláàsì Áàtì. Mo ní mi ò lọ mọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó kọ́ mi ní ẹsẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ibẹ̀, ohun tí ṣúgà ń ṣe fún un, ìdí tí egbò kì í fi í jiná. Ó yẹ ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. Ó ní ewé la máa kọ́ ní táàmù yìí.